Àìríran kò ní kí èèyàn má ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà: Irinṣẹ́ tí kò lóhùn ni ìṣòro

Ọ̀pọ̀ òbí tó bí ọmọ tí kò ríran, yálà ní Ẹlẹ́yẹlé n'Ìbàdàn tàbí ní abúlé tó jìnnà sí ìgboro, ló máa ń ronú pé iṣẹ́ wo ni ọmọ náà yóò ṣe jẹun lọ́la. Èyí tó bá ríbi kàwé nínú wọn, iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n sábà máa ń fọkàn sí fún un. Ẹni tí yóò dárúkọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kò wọ́pọ̀, nítorí wọ́n gbà pé ẹ̀rọ tí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lójú gíláàsì kò lè wúlò fún afọ́jú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn afọ́jú wà káàkiri àgbáyé tí wọ́n ń kọ àwọn ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì ń fi iṣẹ́ náà gbọ́ bùkátà.

Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ni ètò kan tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè. Bí ẹni náà bá ṣe ń fi ìka tẹ bọ́tìnì ìtẹ̀wé, ohùn yóò máa sọ lẹ́tà tó tẹ̀, ìlà tó wà àti àṣìṣe tó ṣe sí i létí.

Ọwọ́ afọ́jú fúnra wọn ni ètò bẹ́ẹ̀ ti jáde. Ted Henter, ará Amẹ́ríkà tó ń fi alùpùpù sáré ìdíje, ni ìjàǹbá ọkọ̀ fọ́ lójú ní 1978. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, nígbà tó sì di 1989, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ gbé èyí tí wọ́n ń pè ní JAWS jáde. Àmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó rẹ̀ tó nǹkan bíi 1,000 dọ́là, èyí tó ju agbára ọ̀pọ̀ ìdílé lọ. Ní 2006, Michael Curran tó jẹ́ afọ́jú ní Ọsirélíà bẹ̀rẹ̀ òmíràn, NVDA, James Teh tí òun náà kò ríran sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún èèyàn títí dòní.

Iṣẹ́ yìí kò fẹ́ àṣìṣe kékeré. Bí àmì ohùn ṣe ń sọ ọkọ̀ di ọkọ́ nínú èdè Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni àmì kan ṣoṣo tó bá yọ nínú ètò kọ̀ǹpútà ṣe lè dá gbogbo iṣẹ́ dúró. Nítorí náà, afọ́jú gbọ́dọ̀ ṣètò ohùn náà kó máa pe gbogbo àmì láìfo ọ̀kan. Nínú èdè kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Python, àlàfo tó wà níwájú ìlà pàápàá ní ìtumọ̀. Ojú ń rí àlàfo, ṣùgbọ́n etí kì í gbọ́ ọ àyàfi tí nǹkan bá sọ ọ́. Ìdí nìyí tí NVDA fi lè ka iye àlàfo náà, tàbí kó fi ìró tó ń lọ sókè sódò sọ ọ́.

Ibi tí wàhálà wà gan-an ni ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ ètò. Bí wọ́n bá ya àwòrán sórí bọ́tìnì láìfún un lórúkọ tí ohùn lè kà, "bọ́tìnì" lásán ni afọ́jú yóò máa gbọ́. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n kó ìgò òògùn mẹ́wàá fún èèyàn láìkọ nǹkan kan sí wọn lára. Scratch, tí wọ́n gbé jáde ní 2007 láti fi kọ́ àwọn ọmọdé níṣẹ́ yìí, fífi ọwọ́ wọ́ àwọn bíríkì aláwọ̀ mèremère kiri ojú kọ̀ǹpútà ni, èyí tó ṣòro gan-an fún ọmọ tí kò ríran.

Àwọn kan ti ń ṣe dáadáa. Visual Studio Code, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí Microsoft gbé jáde ní 2015, máa ń bá ètò tó ń kàwé sókè ṣiṣẹ́, láti 2022 ó sì lè fi ìró sọ fún èèyàn pé àṣìṣe wà ní ìlà tó dé. Síbẹ̀, ohun tó dára lónìí lè bàjẹ́ lọ́la bí wọ́n bá tún irinṣẹ́ ṣe láìfi etí dán an wò.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Nàìjíríà. Òfin tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kìíní, 2019, ní kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba fi ó kéré tán ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ wọn sílẹ̀ fún àwọn akàǹdá ẹ̀dá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gba afọ́jú síṣẹ́, tí kọ̀ǹpútà iwájú rẹ̀ kò lè bá a sọ̀rọ̀, àga lásán ni wọ́n fún un.

Ó yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ àti ọ́fíìsì máa fi etí dán irinṣẹ́ wò kí wọ́n tó sanwó rẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń kọ ètò sì máa fún gbogbo bọ́tìnì lórúkọ. Òbí náà kò gbọ́dọ̀ tìtorí ojú gbàgbé pé etí ọmọ náà ń gbọ́, ọpọlọ rẹ̀ sì pé. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.