Ṣé O Mọ Ohun Tó Wà Lára Ògiri Rẹ?

Sún mọ́ mi díẹ̀. Mo gbọ́ pé o fẹ́ tún ilé ṣe ní Jos, o sì ti rí dísáínà tó máa bá ọ yan ọ̀dà, táìsì àti kọ́tìnnì. O káre. Kí o tó tọwọ́ bọ àpò, jẹ́ kí n ta ọ́ lólobó.

Ṣé o mọ̀ pé gíláàsì fèrèsé rẹ ti lúwẹ̀ẹ́ rí?

Kì í ṣe inú omi o. Orí tánganran yíyọ́ ni! Wọ́n á da gíláàsì tó ti yọ́ sórí adágún tánganran, gíláàsì á léfòó, á tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án.

Tánganran kẹ̀! Ohun tó sọ Jos di ìlú ńlá nígbà ayé kùsà, tó sì kó àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ gun òkè lọ tajà.

Gíláàsì máa ń wọ orí adágún yẹn nígbà tó gbóná ju 1,000 dígírì Celsius lọ. Nígbà tó bá máa fi jáde, á ti tutù dé nǹkan bí 600. Tánganran ńkọ́? 232 péré ló ti ń yọ́. Kò sì ní hó títí ooru á fi kọjá 2,000. Ní gbogbo ọ̀nà tí gíláàsì ń gbà kọjá, omi ni tánganran wà, ó ń gbé e lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Alastair Pilkington, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé iṣẹ́ yìí jáde ní 1959. Ọdún 7 ló gbà á. Mílíọ̀nù 7 pọ́ọ̀n ló ná iléeṣẹ́ rẹ̀. Orúkọ iléeṣẹ́ náà ni Pilkington. Orúkọ tirẹ̀ náà ni Pilkington. Wọn ò sì bá ara wọn tan!

Gbọ́ èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Títí di òní, gíláàsì ò gbàgbé ẹ̀gbẹ́ tó fi sùn lórí tánganran. Àwọn oníṣẹ́ gíláàsì ní iná UV kan tí wọ́n ń tàn sí i: ẹ̀gbẹ́ kan á máa tàn bí ìkùukùu, èkejì á dákẹ́.

O ti ya ẹnu? Pa á dé ná. A ò tíì kúrò lójú fèrèsé.

Wo táìsì ilé ìwẹ̀ rẹ. Ṣé o mọ̀ pé láyé àtijọ́, tánganran náà ni wọ́n fi ń sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ di funfun? Àwọn amọ̀kòkò ní Iraq, ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹsàn-án, rí ìkòkò funfun àwọn ará Ṣáínà. Ó wọ̀ wọ́n lójú. Wọn ò ní irú amọ̀ yẹn. Wọ́n bá mú èérú tánganran, wọ́n pò ó mọ́ ohun tí wọ́n ń fi dán ìkòkò. Ó funfun báláú!

Lónìí, zircon ló pọ̀ jù lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, torí pé ó dínwó ju tánganran lọ. Níbo ni zircon wà? Nínú iyanrìn kùsà Jos!

Ọ̀dà funfun tó wà ní síìlì rẹ ńkọ́? Titanium dioxide ló sọ ọ́ di funfun. Ohun kan tó ń jẹ́ ilmenite ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Níbo ni ilmenite wà? Má dáhùn. Inú iyanrìn kùsà kan náà ni!

Àní sẹ́, fèrèsé, táìsì, ọ̀dà: gbogbo wọn ní ìbátan nínú iyanrìn kan ṣoṣo. Àwọn awakùsà ìgbà náà mú tánganran, wọ́n sì da iyanrìn yòókù nù bí òkìtì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú.

Ọ̀kan wà nínú rẹ̀ tí mi ò ní fi ṣe àwàdà. Monazite lorúkọ rẹ̀. Thorium wà lára rẹ̀, thorium sì ń tú ìtànṣán olóró. Àwọn kan ti fi iyanrìn àṣẹ́kù yìí mọlé ní àgbègbè Jos, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sì ti gbé ẹ̀rọ lọ wọ̀n ọ́n. Nítorí náà, kí dísáínà tó bi ọ́ pé àwọ̀ wo lo fẹ́, ìwọ bi bíríkìlà pé níbo ló ti wa iyanrìn.

Ṣé o mọ̀ pé òjé ni wọ́n ń fi sọ ọ̀dà di funfun kí titanium tó dé? Òjé, tó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́! Amẹ́ríkà fòfin dè é nínú ọ̀dà ilé ní 1978. Ìwọ̀n tí wọ́n gbà láyè níbẹ̀ báyìí ò ju 90 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Bi ẹni tó ń ta ọ̀dà fún ọ ní àgbègbè Terminus ní Jos léèrè tirẹ̀. Kí o máa wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń dáhùn.

Ó dáa, jẹ́ ká sọ̀rọ̀ òtútù.

Jos ga tó nǹkan bí 1,200 mítà ju òkun lọ. Omi ilé ìdáná rẹ ò dúró dé 100 dígírì kó tó hó. Ní nǹkan bí 96, ó ti ń hó! Sọ fún dísáínà pé ẹ̀wà máa pẹ́ lórí iná rẹ.

Ṣé o mọ̀ pé ilé àtijọ́ àwọn òyìnbó kùsà ní ibi ìyáná nínú pálọ̀? Pẹ̀lú ihò èéfín lórí òrùlé! Ní Nàìjíríà! Bí o bá ra irú ilé bẹ́ẹ̀, tí dísáínà ní kí ẹ dí i pa, kọ́kọ́ jẹ́ kí oṣù Kejìlá dé.

Ọ̀dà ẹ̀múlíṣọ̀n kì í fẹ́ òtútù tó bá ti lọ sísàlẹ̀ 10 dígírì. Alẹ́ ọyẹ́ ní Jos sì máa ń sún mọ́ ibẹ̀. Akunlé tó mọṣẹ́ á kùn ún nígbà tí oòrùn bá mú, á sì ká igbá rẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Erùpẹ̀ ọyẹ́ tó bà sórí ọ̀dà tútù yẹn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti Bodélé wá, ní ilẹ̀ Chad. Ó gba ojú òfuurufú kọjá láìní ìwé ìrìnnà, ó wá jókòó sórí kọ́tìnnì funfun rẹ. Èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn kọ́tìnnì funfun ní Jos. Ṣùgbọ́n owó rẹ ni.

Ní 2021, Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀dà funfun kan jáde tó ń dá 98.1 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà. Ògiri tí wọ́n bá fi kùn máa ń tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ, nínú oòrùn gangan! Ará Màídúgùrì lè jó sí i. Ìwọ tó ń wọ súwẹ́tà ní Rayfield, kí lo fẹ́ fi ṣe?

Iná tún ń parọ́ fún ojú. Gílóòbù tí wọ́n kọ 2,700K sí lára máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Èyí tó jẹ́ 6,500K á funfun bí ojúmọ́. Ọ̀dà kan náà, yàrá kan náà, o yí gílóòbù padà, ògiri yí padà! Kun àpẹẹrẹ ọ̀dà sórí páálí ńlá, máa gbé e káàkiri yàrá: láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́.

Lórí ọ̀rọ̀ iná, ṣé o mọ̀ pé ọdún 1929 ni wọ́n ti dá NESCO sílẹ̀, iléeṣẹ́ tó fi omi Kurra Falls fún àwọn ibùdó kùsà ní iná nígbà náà? Iléeṣẹ́ aládàáni ni, kì í ṣe ti ìjọba.

O fẹ́ gíráníìtì sórí tábìlì ìdáná? Àwọn onímọ̀ òkúta pín gíráníìtì ilẹ̀ wa sí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ti Jos ni àbúrò. Ọjọ́ orí àbúrò yìí lé ní 160 mílíọ̀nù ọdún! Ẹ̀gbọ́n ńkọ́? Nǹkan bí 600 mílíọ̀nù.

Lọ wo òkúta Riyom lójú ọ̀nà Abuja. Òkúta lórí òkúta. Kò sí sìmẹ́ńtì. Kò sí bíríkìlà. Kò sí ẹni tó gba owó iṣẹ́.

Wàyí o, ibi tí mo ń gbé ọ lọ rèé.

Ṣé o mọ̀ pé o lè rìn yí mọ́ṣáláṣí àtijọ́ ti Zaria ká láì kúrò ní Jos? Ọ̀gbẹ́ni kan láti Poland, Zbigniew Dmochowski, rin Nàìjíríà já, ó ń wọn ilé, ó ń yà wọ́n sórí bébà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ilé náà padà sí Jos, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọnà tó ti wà níbẹ̀ láti 1952. Kì í ṣe ilé kékeré orí tábìlì o. Bí tòótọ́ ṣe tóbi náà ni! Odi Kano wà níbẹ̀. Mọ́ṣáláṣí Ìlọrin wà níbẹ̀. Dmochowski kú ní 1982, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1990, odindi apá mẹ́ta. Mú dísáínà rẹ lọ síbẹ̀ kí ẹ tó ṣí ìwé àwòrán Dubai.

Mọ́ṣáláṣí Zaria gangan, Babban Gwani Mikaila ló mọ ọ́n ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Kò sí irin. Igi ọ̀pẹ kan tí àwọn Hausa ń pè ní giginya ló gbé òrùlé ró. Ikán ò lè jẹ ẹ́!

Kí ni wọ́n fi ń dènà òjò lára ògiri amọ̀? Di ìjókòó rẹ mú. Igi igbá! Igi tó ń so irú! Wọ́n á rẹ èèpo èso rẹ̀ sínú omi, wọ́n á fi omi náà po amọ̀ tí wọ́n máa fi rẹ́ ògiri. Igi kan ṣoṣo: irú nínú ọbẹ̀, ààbò lára ògiri.

Ó tún kù. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó bá ṣẹ́kù sí ìsàlẹ̀ kòtò aró, wọ́n á sá a, wọ́n á sun ún, wọ́n á lọ̀ ọ́. Ó ti di sìmẹ́ńtì nìyẹn! Katsi ni wọ́n ń pè é. Kòtò aró Kofar Mata ní Kano sì ti wà, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà, láti 1498.

Má rò pé àwọn Hausa nìkan ló mọ̀ ọ́n o. Ní Ilé-Ifẹ̀, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún mẹ́fà ọdún tí àwọn baba wa ti ń fi àpáàdì ṣe ilẹ̀ àgbàlá. Wọ́n á to àpáàdì lóòró, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, títí á fi di ọnà bí egungun ẹja. Ilẹ̀ yẹn ṣì wà. Táìsì tí wọ́n tẹ́ sí pálọ̀ mi ti ń ṣí!

Demas Nwoko, ayàwòrán ilé tí wọ́n bí ní 1935, po ilẹ̀ pupa mọ́ sìmẹ́ńtì, ó fi kọ́ ilé. Ní 2023, ìpàtẹ Venice Biennale fún un ní ẹ̀bùn Golden Lion fún iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀. Ilẹ̀ pupa, ẹ̀yin ará! Èyí tí à ń gbọ̀n lára bàtà.

Jẹ́ ká padà sórí àwọ̀. Ṣé o mọ̀ pé àwọ̀ ewé kan wà tó ń pani? Onímọ̀ kẹ́míkà kan, Scheele, ló ṣe é ní 1775. Ásẹ́níìkì ló kún inú rẹ̀. Wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá oorun káàkiri Yúróòpù!

Àwọ̀ igi kan sì wà tí wọ́n ń lọ òkú Íjíbítì fi ṣe. Òkú ènìyàn! Ó ṣì wà lọ́jà ní ọ̀rúndún ogún. Òkú ló tán lọ́wọ́ wọn.

Àwọ̀ àlùkò? Ọmọ ọdún 18 kan, William Perkin, ń wá oògùn ibà ní 1856. Kò rí oògùn. Ó rí àwọ̀ àlùkò. Ó di olówó.

Búlúù ìfọṣọ tí ìyá àgbà fi ń fọ aṣọ funfun, ṣé o mọ̀ pé òun làwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Yorùbá fi kun irun orí ère ìbejì? Lọ wo wọ́n ní ilé ọnà. Orí ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ búlúù!

Bí o bá fẹ́ awọ sórí àga, Naraguta kò jìnnà sí ọ, àwọn oníṣẹ́ awọ wà níbẹ̀. Ṣé o sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ awọ tí Yúróòpù ń pè ní ti Morocco, awọ ewúrẹ́ pupa Sokoto ni? Ó gun ràkúnmí, ó la aṣálẹ̀ kọjá, ó pàdánù orúkọ rẹ̀ lọ́nà.

Dísáínà á ní kí o gbé ère kan sí igun pálọ̀. Gbọ́ ìtàn yìí. Ní 1943, wọ́n wú orí ère amọ̀ kan jáde níbi kùsà lẹ́bàá Jema'a. Akọ̀wé kan gbé e lọ sóko. Ó fi í lé ẹyẹ nínú oko iṣu! Odindi ọdún kan! Lẹ́yìn náà ló dé ọwọ́ Bernard Fagg, onímọ̀ nípa ohun àtijọ́, ní Jos. Ère Nok ni. Ó ti lé ní 2,000 ọdún. Ẹyẹ oko iṣu yẹn ríran ju gbogbo wa lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ní ojúlówó Nok láti tà fún ọ, sá. Bí kì í bá ṣe ayédèrú, á jẹ́ ẹrù olè.

Ó ku ilẹ̀kùn. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ọ̀kan fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ọba jókòó lára rẹ̀, òyìnbó ń bọ̀, wọ́n gbé e sórí. Ní 1924, ilẹ̀kùn yìí lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley. British Museum rí i, wọ́n ní àwọn ò lè jẹ́ kó padà sílé. Ọba ò kọ́kọ́ gbà. Wọ́n bá ní kí wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀. Kí ni wọ́n fún un? Àga! Àga ọba tí wọ́n kàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilẹ̀kùn ṣì wà ní London.

Nítorí náà, bí dísáínà bá ní kí o yọ ilẹ̀kùn ìyá rẹ àgbà dànù, má bá a jà. Kàn bi í pé ibo ló ń gbé e lọ.