Ṣé Kwara lè rọ owó fàdákà tirẹ̀ fún ọgọ́ta ọdún?

Ní ọjọ́ 27, oṣù Karùn-ún, ọdún 2027, ìpínlẹ̀ Kwara yóò pé ọgọ́ta ọdún. Ẹ̀yin àgbà tó wà ní Òkè-Onígbìn, ní Òmù-Àrán àti ní Èsìẹ́ kò ní gbàgbé ọdún 1967, nígbà tí Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ méjìlá. Ọmọ Òmù-Àrán, Ọ̀gágun David Bamigboye, ni gómìnà àkọ́kọ́ tí a ní. Irú àjọ̀dún báyìí ni àwọn ẹlòmíràn máa ń rọ owó fàdákà fún. Ǹjẹ́ Kwara náà lè ṣe é?

Àpẹẹrẹ kò jìnnà sí wa. Dahomey, tó yí orúkọ padà sí Benin ní 1975, gba òmìnira ní 1960. Nígbà tó pé ọdún mẹ́wàá, wọ́n rọ owó fàdákà tí wọ́n kọ 1971 sí. Àwòrán Ganvié, ìlú tí wọ́n kọ́ sórí omi, wà lára ti ọgọ́rùn-ún fùráǹkì. Àwọn tó ń kó owó jọ ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe owó tí èèyàn fi ń ra ata lọ́jà.

Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè ni Dahomey, ìpínlẹ̀ ni Kwara. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fi ọ̀rọ̀ owó sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan, CBN ló sì ń bá a ṣe é. CBN ti ṣe owó ìrántí rí: náírà àádọ́ta ní 2010 fún àádọ́ta ọdún òmìnira, àti ọgọ́rùn-ún náírà ní 2014 fún ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n da Àríwá pọ̀ mọ́ Gúúsù. Nítorí náà, bí ìpínlẹ̀ bá tilẹ̀ ya ère òkúta Èsìẹ́ sára fàdákà, ohun ìrántí lásán ni, kì í ṣe owó. Ẹni tó bá ní ẹ lè ná an lọ́jà, ẹ má dá a lóhùn.

Fàdákà tó yẹ kí ẹ kíyè sí lè ti wà nínú àpótí ìyá àgbà. Ṣílè tí wọ́n ṣe fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti 1913 sí 1919, tó ní igi ọ̀pẹ lẹ́yìn, fàdákà gidi ni: ìdá 925 nínú 1,000. Ó wúwo ju gíráàmù márùn-ún lọ. Láti 1920 ni wọ́n ti ń fi idẹ ṣe é, igi ọ̀pẹ náà sì ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún tí wọ́n kọ sí i ni kí ẹ wò. Kọ́bọ̀ oníhò náà funfun, ṣùgbọ́n kì í ṣe fàdákà.

Nígbà tí náírà dé ní 1973, kọ́bọ̀ mẹ́wàá ni wọ́n ka ṣílè kan sí. Bí oníṣòwò kan bá wá kan ilẹ̀kùn yín pé òun fẹ́ ra owó àtijọ́, iye yẹn kọ́ ni kí ẹ fi dá a lóhùn. Ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì béèrè iye tí fàdákà ń lọ lọ́wọ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ má fi eérú tàbí yanrìn bó o, nítorí ìyẹn ń dín iye rẹ̀ kù lójú ẹni tó ń kó owó jọ. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.