Ìtànná Ẹ̀wà àti Irúgbìn Àgbẹ̀

Àwọn àgbẹ̀ wa a máa ráhùn pé àgbàdo funfun tí wọ́n gbìn so hóró pupa mọ́ funfun, ṣùgbọ́n ẹ̀wà tí ó wà lẹ́bàá rẹ̀ kò yí padà. Àwọn mìíràn a ní ilẹ̀ ni ó fà á. Kì í ṣe ilẹ̀ rárá; inú ìtànná ni ọ̀ràn náà wà.

Kí ohun ọ̀gbìn tó lè so, ìyẹ̀fun tí ń bẹ lára akọ ìtànná ní láti bà lé orí abo. Ní ti àgbàdo, òkè téńté ni akọ wà. Irun tí ó yọ lẹ́nu ọmọ rẹ̀ ni abo. Nítorí náà afẹ́fẹ́ lè gbé ìyẹ̀fun láti oko aládùúgbò wá bà lé e.

Ẹ̀wà kò rí bẹ́ẹ̀. Akọ mẹ́wàá ni ó wà nínú ìtànná rẹ̀: mẹ́sàn-án so pọ̀, ọ̀kan dá wà, wọ́n sì yí abo kan ṣoṣo ká nínú ewé ìtànná tí ó pa ẹnu dé. Kí ìtànná náà tó là ní ìdájí, ìyẹ̀fun ti tú sórí abo. Nígbà tí oyin yóò fi dé, ìgbéyàwó ti parí. Kí ó sì tó di ọ̀sán, ìtànná ti padé. Lóòótọ́ kòkòrò a máa gbé ìyẹ̀fun òdì kejì wá nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀.

Irú ìwà yìí ni ó mú kí Gregor Mendel, àlùfáà kan ní ìlú Brno, yan ẹ̀wà pea fún ìwádìí rẹ̀ lórí bí ọmọ ti ń jọ òbí, èyí tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1866. Nígbà tí ó bá fẹ́ da irú méjì pọ̀, a gé akọ kúrò kí ìtànná tó là.

Ẹ̀kọ́ méjì ni a rí kọ́. Èkínní, bí ẹ̀wà wa bá dàrú, ọwọ́ wa ni ó sábà máa ń dà á rú, nínú àpò àti nínú agbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí a ṣà á kí a tó gbìn ín. Èkejì, ohun tí kì í gba irú lọ́dọ̀ ẹlòmíràn a máa pa àlébù rẹ̀ mọ́ pẹ̀lú. Bí àrùn kan bá lè pa ọ̀kan, ó lè pa gbogbo oko. Nítorí náà kí àgbẹ̀ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé irú ẹ̀wà kan ṣoṣo. Kí ó tọ́jú méjì tàbí mẹ́ta, olúkúlùkù nínú ìkòkò tirẹ̀, de ìgbà òjò.