Títọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìgbáròkó: fún àwọn òbí tó ní àìsàn sickle cell

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn arúgbó tí oríkèé wọn ti jẹ ni wọ́n sábà máa ń pààrọ̀ ìgbáròkó fún. Ní Niamey, olú-ìlú Niger, àwọn tí wọ́n ṣì ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́ wà lára àwọn tó nílò iṣẹ́ abẹ yìí, àìsàn sickle cell sì wà lára ohun tó ń fà á. Ìlú náà ní ilé ìtọ́jú tí a yà sọ́tọ̀ fún àìsàn náà, èyí tí ń jẹ́ Centre National de Référence de la Drépanocytose. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ìdílé Yorùbá tí òwò gbé dé etí Odò Ọya pẹ̀lú, nítorí àìsàn àjogúnbá yìí wọ́pọ̀ láàárín wọn.

Nínú àìsàn sickle cell, sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, tó yẹ kó rí roboto, a máa tẹ̀ bíi dòjé, a sì máa le. Irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ a máa dí iṣan ẹ̀jẹ̀ tóóró. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí orí egungun itan kò pọ̀. Bí wọ́n bá dí, egungun ibẹ̀ yóò kú díẹ̀díẹ̀, yóò sì wó. Ìyá ọlọ́mọ méjì lè bẹ̀rẹ̀ sí í tiro kí ó tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Nínú iṣẹ́ abẹ náà, dókítà a gé orí egungun tó ti kú kúrò, a sì fi orí onírin rọ́pò rẹ̀. Ìlànà tí John Charnley fi lélẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1962 ni ó di ìpìlẹ̀ èyí tí wọ́n ń lò títí di òní.

Ohun tí ara kò gbọ́dọ̀ ṣe

Láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 àkọ́kọ́, oríkèé tuntun náà lè yẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé láti ẹ̀yìn ni dókítà ti gba wọlé, aláìsàn kò gbọ́dọ̀ tẹ itan rẹ̀ kọjá ìwọ̀n 90, ìyẹn ni pé orúnkún kò gbọ́dọ̀ ga ju ìbàdí lọ bí ó bá jókòó. Kò gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, kò sì gbọ́dọ̀ yí ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún sínú.

Nínú ilé Yorùbá, ìwọ̀nba ìlànà yìí kan ohun gbogbo. Ìjókòó orí àpótí, oorun orí ẹní àti ìlóṣòó nínú ṣáláńgá, gbogbo rẹ̀ ni ó ń tẹ ìgbáròkó kọjá ààlà. Àga gíga tó ní apá ni kí aláìsàn lò. A lè fi búlọ́ọ̀kù gbé ẹsẹ̀ ibùsùn ga, a sì lè gé ihò sí àárín àga igi kan, kí a gbé e ka orí ṣáláńgá. Orí àga ni kí ó ti máa kírun.

Ìkíni pàápàá kò yọ sílẹ̀. Ìyàwó tí kò kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀, tàbí ọkùnrin tí kò dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, lè di ẹni tí wọ́n ń fi ojú aláìlẹ́kọ̀ọ́ wò. Kí òṣìṣẹ́ ìlera pe àwọn àgbà ilé, kí ó sì ṣàlàyé fún wọn kí aláìsàn tó kúrò ní ilé ìwòsàn. Aláìsàn fúnra rẹ̀ kì í sábà lè sọ ọ́.

Ọmọ lẹ́yìn, ọmọ lórí itan

Pípọn ọmọ léwu púpọ̀, kì í sì í ṣe nítorí ìwúwo ọmọ nìkan. Ẹni tó fẹ́ pọn ọmọ a bẹ̀rẹ̀ títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ó tó fi ọ̀já gbà á. Ìbẹ̀rẹ̀ yẹn nìkan lè mú oríkèé yẹ̀. Bákan náà ni wíwẹ ọmọ lórí itan, pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì nínà àti ara ní títẹ̀ síwájú. Ẹlòmíràn ni kí ó máa ṣe méjèèjì títí dókítà yóò fi gbà á láyè. Kí wọ́n pinnu ẹni náà ṣáájú iṣẹ́ abẹ: bàbá ọmọ, àbúrò, tàbí alájọgbélé.

Ìyá lè máa fún ọmọ lọ́mú. Kí ó kọ́kọ́ jókòó dáadáa, kí ẹlòmíràn tó gbé ọmọ fún un, kí wọ́n sì fi ìrọ̀rí gbé ọmọ náà ga kí ó má baà tẹ̀ síwájú. Ọmọ ọdún méjì tó fẹ́ sáré dì mọ́ ìyá rẹ̀ kò mọ ohun tí iṣẹ́ abẹ jẹ́. Ẹ fi ibi tí yóò máa jókòó sí hàn án, ní ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ tó yè, ẹ má sì lé e dànù. Ọmọ tí wọ́n bá ń lé yóò tún sá wá ni.

Ọ̀pá abíyá gba ọwọ́ méjèèjì, nítorí náà ẹni tó ń fi í rìn kò gbọ́dọ̀ gbé ọmọ tàbí ìkòkò gbígbóná. Yanrìn àgbàlá náà ń mú kí ọ̀pá rì. Kí a tẹ́ pákó sí ojú ọ̀nà ilé ìwẹ̀, kí a sì kó ohun ìṣeré ọmọ kúrò nílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn olómi tí wọ́n ń pè ní garuwa ni kí ó bá wọn gbé kẹ́ẹ̀gì wọ inú ilé.

Oògùn ìrora

Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú lè lo paracetamol. Ibuprofen kò léwu fún ọmọ náà, ṣùgbọ́n ó lè ṣe kíndìnrín ẹni tó ní sickle cell ní jàǹbá, nítorí náà dókítà ni kí ó pinnu. Tramadol àti codeine kò yẹ fún ìyá ọlọ́mọ lọ́mú: wọ́n lè gba inú ọmú dé ara ọmọ, kí wọ́n sì mú kí èémí rẹ̀ dínkù. Kí ẹnikẹ́ni má ra tramadol lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri oògùn.

Nígbà ooru oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, tí ooru Niamey máa ń kọjá ìwọ̀n 40, omi mímu jẹ́ apá kan ìtọ́jú. Àìtó omi nínú ara lè dá ìrora sickle cell sílẹ̀; òtútù ọyẹ́ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ààwẹ̀ Ramadan bá bọ́ sí àsìkò yìí, ẹ̀sìn fún aláìsàn láyè láti má gbà á.

Ìgbà tí kò yẹ kí a dúró

Bí ìrora ńlá bá dé lójijì, tí ẹsẹ̀ kúrú tàbí tó yí, tí kò sì ṣeé tẹ̀, oríkèé ti yẹ̀ nìyẹn. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ. Teegunteegun kò gbọ́dọ̀ fà á. Bí ojúgun bá wú, tí ó sì ń dunni, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló dì níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi òrí àti omi gbígbóná wọ́ ọ, nítorí ẹ̀jẹ̀ dídì náà lè ṣí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Àyà dídùn tàbí èémí tí kò délẹ̀ jẹ́ pàjáwìrì, yálà ẹ̀jẹ̀ dídì ló fà á tàbí sickle cell fúnra rẹ̀.

Ibà ni wọ́n máa ń ṣì jù. Ní àsìkò òjò, ibà ni gbogbo ilé ń pè ní ti ẹ̀fọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ìgbáròkó fún, tí ara rẹ̀ gbóná, tí ojú egbò sì ń ṣe omi, gbọ́dọ̀ rí oníṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ náà gan-an, kódà bí àyẹ̀wò bá fi ibà ẹ̀fọn hàn. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan pàápàá, eéwo tàbí eyín jíjẹrà lè ran kòkòrò àrùn sí irin náà. Kí wọ́n tètè tọ́jú wọn.

Obìnrin tó fẹ́ tún bímọ lè lóyún pẹ̀lú ìgbáròkó onírin. Kí ó sọ fún àwọn agbẹ̀bí láti ìgbà àkọ́kọ́ tó bá lọ fún àyẹ̀wò oyún, kí wọ́n má baà ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè jù nígbà ìrọbí.