Ìkọ́ tí ó So Ilé mọ́ Ọkọ̀

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ìdílé a máa so ilé kékeré onítáyà mọ́ ìdí ọkọ̀ wọn nígbà ìsinmi, wọn a sì máa sùn sínú rẹ̀ láti ìlú dé ìlú. Ìrìn-àjò náà dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣi ìkọ́ yàn, ilé náà lè máa fì sọ́tùn-ún sósì bí ìrù ajá, títí yóò fi dojú ọkọ̀ àti èrò inú rẹ̀ dé. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ìwọ̀n ni ìpìlẹ̀ ọ̀ràn yìí. Kí a di gbogbo ẹrù sínú ilé náà, àti omi àti gáàsì, kí a tó gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n. Lẹ́yìn èyí, kí a wọn ẹrù tí imú rẹ̀ gbé lé ìkọ́. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí èyí jẹ́ ìdá 10 sí 15 nínú 100 gbogbo ìwọ̀n ilé. Bí ilé bá jẹ́ pọ́n-ùn 6,000, tí í ṣe nǹkan bíi kìlógíráàmù 2,700, imú rẹ̀ yóò jẹ́ pọ́n-ùn 600 sí 900. Bí imú bá fúyẹ́ jù, ilé a máa fì. Bí ó bá wúwo jù, ìdí ọkọ̀ a rì, táyà iwájú a fúyẹ́, ọkọ̀ a sì ṣòro láti darí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdá 5 sí 7 ni ó wọ́pọ̀. Kí ẹni tí ó bá ka ìwé wọn má ṣe da ìṣirò méjèèjì pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ìkọ́ fúnra rẹ̀. Agbára ẹ̀yà tí ó rọ jù lọ ni agbára gbogbo rẹ̀. Orí irin rogodo sì gbọ́dọ̀ bá ihò imú ilé mu: rogodo íǹṣì 2 lè yọ kúrò nínú ihò tí a ṣe fún íǹṣì 2 5/16.

Bí imú bá wúwo, a ń lo ìkọ́ tí ó ní ọ̀pá irin méjì tí ó ń tẹ̀ bíi sípíríǹgì. Iṣẹ́ wọn dà bí iṣẹ́ ẹni tí ó gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bárò sókè: wọ́n ń gbé ìdí ọkọ̀, apá kan ẹrù a sì padà sórí táyà iwájú, apá kan a bọ́ sórí táyà ilé.

Ní ti fífì, irú ohun èlò kan wà tí irin rẹ̀ ń ha ara wọn bí ìjánu ọkọ̀, tí kì í jẹ́ kí ilé yí ní ìrọ̀rùn. A sábà máa ń tú irú èyí kí a tó fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn, kí ó má baà tẹ̀.

Bí fífì bá bẹ̀rẹ̀, kí awakọ̀ di ìdarí mú ṣinṣin, kí ó rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò kí eré dínkù, kí ó sì fi ọwọ́ tẹ ìjánu ilé nìkan. Kí ó má ṣe sáré sí i, kí ó má sì ṣe tẹ ìjánu ọkọ̀ lójijì.

Àwọn oníṣòwò lè yin ọjà wọn dé ojú ọ̀run. Síbẹ̀ kò sí ohun èlò kan tí ó lè wo ẹrù tí a dì sí ẹ̀yìn sàn. Òṣùwọ̀n ni kí a kọ́kọ́ ná owó lé lórí, kí a tó lọ ra ìkọ́.