Tí wọ́n bá fẹ́ la àyà ẹni lẹ́ẹ̀kejì



Ọ̀nà ọ̀fun tó ń dun ọmọ léraléra, tí a kò tọ́jú, lè ba ìlẹ̀kùn inú ọkàn jẹ́. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé lọ sí ibi bíi Dakar fún iṣẹ́ abẹ. Wọ́n á fi ayùn la eegun àárín àyà, wọ́n á pààrọ̀ ìlẹ̀kùn náà, wọ́n á fi okùn irin di eegun pa dà. Àmọ́ ọmọ ń dàgbà, ìlẹ̀kùn yẹn kì í dàgbà. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi lè ní kí wọ́n tún un ṣe.

Ẹ̀ẹ̀kejì yìí ló le. Ṣé ẹ mọ bí ewé ṣe ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀kọ? Bẹ́ẹ̀ ni ọkàn lè lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn eegun àyà lẹ́yìn tí ọgbẹ́ inú bá jiná. Ẹni tó bá fi ìkánjú ṣí ewé á ya ẹ̀kọ mọ́ ọn. Bí ayùn bá kan ọkàn, iṣẹ́jú díẹ̀ tó kí ẹ̀jẹ̀ pa èèyàn.

Torí náà, wọ́n á kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ scanner wo bóyá àyè wà láàárín eegun àti ọkàn. Wọ́n á gbé ẹ̀jẹ̀ sítòsí. Bí àyè kò bá sí, wọ́n lè gba òpó ẹ̀jẹ̀ ìdí itan so aláìsàn mọ́ ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ ọkàn, kí wọ́n tó fọwọ́ kan eegun rárá. Ayùn tó ń gbọ̀n lọ gbọ̀n bọ̀ ni wọ́n ń lò, díẹ̀díẹ̀ ló ń gé eegun. Àwọn mìíràn á gé okùn irin àtijọ́ níwájú, wọn ò ní fà á yọ, kó lè dá ayùn dúró lẹ́yìn eegun. Ọgbọ́n gidi nìyẹn, àbí?

Ibo ló wá kàn yín? Ìwé ni! Ìwé iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ ló ń sọ fún dókítà ohun tí wọ́n ti ṣe sínú àyà. Ẹ wé e sínú ọ̀rá, kó wà níbi tí ìwé ilẹ̀ yín wà. Ẹ má fi iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ pa mọ́ fún dókítà kankan. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó má ṣe dá a dúró fúnra rẹ̀. Dókítà ló máa mú ọjọ́. Kí àwọn ará ilé sì ti lọ fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú.

Tí ọmọ bá délé, kó má fa omi kànga, kó má ru igi fún bí ọ̀sẹ̀ 12. Bí ojú ọgbẹ́ bá ń ṣomi, tàbí tí eegun ń dún nígbà tó bá wúkọ́, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.