Tor: Akọ̀ròyìn wà níbẹ̀, ọ̀daràn náà wà níbẹ̀. Kí la máa ṣe?

Ṣé ẹ rántí oṣù kẹfà ọdún 2021, tí ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà? Kíá lọ̀pọ̀ wa ti gbé VPN sórí fóònù. A ò jalè, a kàn fẹ́ sọ̀rọ̀ ni. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn ká tó dé orí Tor.

Ọ̀dọ̀ àwọn olùwádìí ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ni èrò Tor ti bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: dípò kí ẹ lọ tààrà sí ìkànnì tí ẹ fẹ́, ẹ ó gba inú kọ̀ǹpútà mẹ́ta kọjá, èyí táwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ń bójú tó káàkiri ayé. Èyí àkọ́kọ́ mọ ibi tí ẹ ti ń bọ̀, kò mọ ibi tí ẹ ń lọ. Ìkẹta mọ ibi tí ẹ ń lọ, kò mọ̀ yín. Ìdí nìyẹn táwọn akọ̀ròyìn tí ìjọba ń ṣọ́ fi ń lò ó. BBC pàápàá gbé ìròyìn rẹ̀ síbẹ̀ lọ́dún 2019.

Àmọ́ ibi tí ẹni rere sá pamọ́ sí, ẹni burúkú náà mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni Ross Ulbricht dá ọjà Silk Road sílẹ̀ sí lọ́dún 2011, tí wọ́n ti ń ta oògùn olóró. Playpen tún burú jùyẹn lọ: fọ́tò àti fídíò àwọn ọmọdé tí wọ́n ń fipá bá lò pọ̀ ni wọ́n ń pín níbẹ̀. Nígbà tí FBI gbà á lọ́dún 2015, wọ́n jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n lè dá àwọn tó ń wọlé mọ̀. Ọwọ́ tẹ ọ̀pọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ó yẹ kí ọlọ́pàá bójú tó irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kódà fún ọjọ́ kan?

Ká wá ti Tor pa ńkọ́? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ká dá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sí i fún ọlọ́pàá nìkan? Kọ̀ǹpútà ò mọ ọlọ́pàá yàtọ̀ sí olè. Ọ̀nà tí ọlọ́pàá bá gbà wọlé, gbájúẹ̀ àti ìjọba apàṣẹwàá á gba ibẹ̀ wọlé.

Ìbòjú náà ò sì ní kí ọwọ́ má tẹ ọ̀daràn. Àdírẹ́sì Gmail tó ní orúkọ Ulbricht nínú, tó fi sílẹ̀ ní gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wà lára ohun tó tú àṣírí rẹ̀. Oṣù kẹwàá ọdún 2013 ni wọ́n mú un nílé ìkàwé kan ní San Francisco, kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí.

Àmọ́ irú iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń pẹ́, ọmọ tó ń jìyà ò sì ní àsìkò. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le gan-an nìyẹn. Lójú tèmi, ká fi owó àti èèyàn kún ìwádìí, ká má fọ ilẹ̀kùn gbogbo ayé. Ẹ̀yin ńkọ́?